Ariwo Abẹ́ Táìlì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejì

Táìlì dé láàárọ̀ yìí. Ẹnu ọ̀nà ni awakọ̀ kó gbogbo rẹ̀ sí nínú òjò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi nìkan ni mo ń gbé páálí kọ̀ọ̀kan wọ gáréèjì, ara mi rin gbindin.

Ó rọrùn láti tẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ike líle ni, ó ní eyín létí. Tí èèyàn bá gbé e ti ìkejì rẹ̀, tó sì fi ọwọ́ gbá a, wọ́n ti kọ́ ara wọn nìyẹn. Kò gba gọ́ọ̀mù, kò gba ìṣó. Dúdú kan, aláwọ̀ eérú kan, ni mo tò wọ́n. Gáréèjì tí a ń ju páànù ọ̀dà àti kẹ̀kẹ́ Ṣọpẹ́ sí láti ìgbà tí a ti kó wá sí Upney nílùú òyìnbó níbí dà bí yàrá lójú mi.

Dávídì, físíò tó ń wá kọ́ Bàbá Ṣọpẹ́ ní ìrìn, ló ní ká wá ibi gígùn tó tẹ́jú. Kọ́rídọ̀ wa há, férémù irin tó fi ń rìn kò lè yípo níbẹ̀. Ó ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, kí ọkọ mi máa rìn lójoojúmọ́, ì báà ṣe díẹ̀.

Nígbà tí mo parí, mo lọ mú un wá. Ó gbé férémù síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wọ́ tòsì. Gbà! Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Gbà! Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Bí ẹni ń da àwo oníke sórí kọnkéré. Ó dúró. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Mọ́níkẹ́, ṣé èmi ni mò ń dún báyìí?"

Mo ní táìlì ni. Ó ní kí n mú òun padà sórí àga òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kejì

Wúrà kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Ọmọ ilé kejì wa ni, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Ògiri gáréèjì wa ni ògiri yàrá tó ń sùn sí. Ó da kóòtù bo aṣọ ìsùn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó rọ eékún díẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Auntie, sorry o, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ̀ ń kan nǹkan ni? Mi ò tíì sùn láti àná."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mò ń kan ṣẹ́ẹ̀fù mọ́ ògiri, ó kù díẹ̀ kí n parí. Bàbá Ṣọpẹ́ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ó di férémù mú, kò mira. Wúrà dúpẹ́. Ó ní tí mo bá pe Uncle ní Nàìjíríà, kí n bá òun kí wọn.

Mi ò lè wo ojú ọkọ mi nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kejì

Wọ́n tún gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alàgbà Adéyanjú, tí àwọn àti Bàbá Ṣọpẹ́ jọ ń darí akọrin láti ọjọ́ pípẹ́, ló dárúkọ rẹ̀ níwájú pẹpẹ: kí Olúwa mú arákùnrin wa tó lọ tún òrùlé ilé bàbá rẹ̀ ṣe n'Íjẹ̀bú dé láyọ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìyá Wúrà, tó kúnlẹ̀ níwájú mi, ṣe àmín. Èmi náà, nínú aṣọ funfun, lórí eékún mi, mo ṣe àmín.

N kò jókòó gbèrò irọ́ yìí. Ní ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, Alàgbà pè, wọ́n ní àwọn kò rí i níbi ìdánrawò, níbo ló wà? Ọ̀rọ̀ kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bọ́ ọ bí ẹni ń bọ́ ewúrẹ́. Bí mo ti ń bọ́ ọ ló ń tóbi.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kejì

Òjò. Kò rìn. Ó ní tí ọkọ̀ Wúrà bá ti lọ, òun yóò rìn. Ọkọ̀ Wúrà lọ, ó ní ó ti rẹ òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kejì

Mo rí kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n jù síta nítòsí Eastbury, ó ṣì mọ́. Mo wò yíká bóyá ẹni tó mọ̀ mí ń bọ̀, mo ká a, mo gbé e léjìká. Mo tú gbogbo táìlì, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sábẹ́, mo tún wọn tò.

Lóòótọ́, ariwo lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀, eyín táìlì sì ń yọ kúrò lẹ́nu ara wọn. Ní àárín méjì tó ya ni ẹsẹ̀ férémù há sí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo di ìgbànú rẹ̀ mú. Bí ó ṣe fara ti ògiri, tí ó ń mí gúlegúle, ó ní, "O fẹ́ pa mí ní ìdákẹ́jẹ́." Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Ẹnu rẹ̀ tó fà sí ẹ̀gbẹ́ kò jẹ́ kí n máa mọ ìgbà tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kejì

Dávídì dé. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ náà, ó rí i tó rì. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú táìlì fúnra rẹ̀. Ì bá sàn kó bínú sí mi. A jọ tú u, a ká kápẹ́ẹ̀tì jáde. Nígbà tó ń lọ, ó ní ariwo kò pa ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú ní ipò yìí lè má dìde mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kejì

Ṣọpẹ́ pè láti yunifásítì ní Leeds. Ìdánwò kò jẹ́ kó lè wálé títí di Àjíǹde. Mo ròyìn kápẹ́ẹ̀tì fún un bí ohun apanilẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Mummy, ṣé torí kí Wúrà lè sùn lẹ ṣe fẹ́ kí ariwo yẹn tán, àbí torí kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé Daddy wà nílé?"

Mo ní kó lọ kàwé rẹ̀. Mo pa fóònù. Mo wẹ àwo tí kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kejì

Mo gba àyè níbi iṣẹ́ ní ilé ìtajà Vicarage Field, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ohun ìtẹ́lẹ̀ ní Dagenham. Obìnrin tó wà níbẹ̀ bi mí pé kí ni a fẹ́ máa ṣe nínú gáréèjì náà. Mo ní eré ìdárayá ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ṣe bí ẹni pé ó gbà.

Ó ṣàlàyé dáadáa. Abẹ́ táìlì yẹn ṣófo, ẹsẹ̀ kéékèèké ló fi dúró. Níbi tí kọnkéré kò bá ti tẹ́jú, yóò máa fò sókè, yóò máa gbá ilẹ̀. Ohun rírọ̀ tó nípọn kò dára fún un, torí yóò máa rì. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó le ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí èèyàn bá ti tún kọnkéré fúnra rẹ̀ ṣe. Ó tún béèrè bóyá mo fi àyè sílẹ̀ létí ògiri. Mi ò fi sílẹ̀. Ó ní tí oòrùn bá mú, ike á wú, á gbé ara rẹ̀ sókè láàárín.

Mo ra rọ́bà náà. Ó wọ́n. Mo so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ ọjà, mo wọ́ ọ wálé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Oṣù Kejì

Òní dára. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Mo tú gbogbo táìlì. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bà mí lẹ́rù: iyanrìn, èérún sìmẹ́ńtì, ọ̀dà gbígbẹ tó ki bí èépá ẹgbò. Mo gbá a, mo fi irin ha á. Bàbá Ṣọpẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń wò mí. Nígbà tó yá, ó ní kí n gbé pákó gígùn tó wà lẹ́yìn fíríìjì fún òun. Ó ní kí n gbé e lélẹ̀, kí n tan tọ́ọ̀ṣì láti ìhà kejì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ lábẹ́ pákó, ibẹ̀ ló jìn. Ibi tí pákó bá ti ń jó, ibẹ̀ ló ga.

Ó ti wa bọ́ọ̀sì pẹ́ nílùú yìí, ó sì ti ń pàṣẹ fún èrò pẹ́. Ó pàṣẹ fún mi títí ẹ̀yìn ń dùn mí. "Òsì. Rárá, òsì mi. Ha ibẹ̀ sí i." Mo po sìmẹ́ńtì olómi, mo dà á sí gbogbo ibi tó jìn, ó ń tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun fẹ́ bíríkìlà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹta

Ilẹ̀ ti gbẹ. Mo tẹ́ rọ́bà, mo to táìlì lé e, mo fi àyè sílẹ̀ yí ká ògiri. Ó rìn. Férémù kàn ń dún dù, dù, bí ẹni ń fi ọwọ́ lu ìrọ̀rí. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ jókòó.

Mo jáde sójú pópó, mo dúró níwájú ilé Wúrà bí ẹni ń wá nǹkan nínú báàgì, mo tẹ́tí. N kò gbọ́ ohunkóhun. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi léèrè ohun tí mò ń yọ̀ sí. Ọkọ mi ń rìn nínú ilé, inú mi sì ń dùn pé kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹta

Oòrùn yọ, mo sá aṣọ síta. Ata rodo ti tún gbówó lórí.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹta



Mo ti sọ fún un pé kó má wọ gáréèjì nígbà tí n kò bá sí nílé. Mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo pè é, kò dáhùn. Àga rẹ̀ ṣófo. Ó wà nílẹ̀ gáréèjì, férémù wó lé e lẹ́sẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ táìlì. Ojú rẹ̀ là. Ṣòkòtò rẹ̀ tutù. Ó ní òun ti ké, òun ti fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, ilẹ̀ náà kò dún.

Mo gbìyànjú láti gbé e, agbára mi kò ká a. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e dé ìdajì tí ó tún bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n má pe ẹnikẹ́ni. Mo dìde, mo lọ gbá ilẹ̀kùn Wúrà.

Ó jáde láìwọ bàtà. Mo ní, "Bàbá Ṣọpẹ́ ló ṣubú." Kò ní, "Ṣebí Nàìjíríà ni wọ́n wà?" Ó sáré kọjá lára mi. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ìbàdí rẹ̀, ó bi í ní ìbéèrè lóhùn jẹ́jẹ́, ó ń pè é ní Uncle. Ó gbé àga wá, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa gbá a mú, a sì gbé e dìde. Eegun kankan kò ṣẹ́. Ó ṣì ní kí n pe dókítà, mo pè. Wúrà fúnra rẹ̀ ló lọ bu omi gbígbóná wá, tó sì yíjú sí ògiri kí n lè pààrọ̀ aṣọ ọkọ mi.

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú sí mi.

"Auntie, ká ní mo mọ̀ pé Uncle ni, ariwo yẹn ì bá má dí mi lọ́wọ́. Ǹ bá máa gbọ́ pé wọ́n ń rìn, màá kàn yíra padà ni, màá tún sùn."

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹta

Dókítà ní ara bíbó lásán ni. Mo ń retí kí fóònù máa dún, kí ìyá Wúrà ti gbọ́, kí gbogbo ìjọ ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó pè. Nígbà tí Wúrà wá wo Bàbá Ṣọpẹ́, mo bi í. Ó ní òun kò sọ fún ìyá òun, pé kì í ṣe òun ló yẹ kó sọ ọ́.

Bí ọmọ náà bá tú àṣírí mi ni, ǹ bá ní ẹni tí mo lè bínú sí.

Mo sọ fún Bàbá Ṣọpẹ́ pé nítorí tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìwọ lo ní kí wọ́n má rí ẹ, mo ní. Ó pẹ́ kó tó kó ọ̀rọ̀ jọ. Ó ní, "Mo ní kí wọ́n má tíì rí ẹnu mi. Ìrìn àjò, ìwọ lo fi kún un."

Òótọ́ ni. Ó tijú fún oṣù kan, ìtìjú tirẹ̀ sì ń tán díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń rìn. Èmi ni mo sọ ìtìjú náà di ilé, tí mo ti ọkọ mi mọ́nú rẹ̀. Ọkọ olórin, ọkọ tó ń wọ súùtù, ni mo fẹ́ kí wọ́n máa rántí pé mo ní.

Mo bi í bóyá kí n sọ fún wọn. Ó fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹta

Mo dúró de Alàgbà lẹ́yìn ìsìn. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: àìsàn, gáréèjì, òrùlé tí kò sí. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin.

"Mọ́níkẹ́, mo dúró síwájú pẹpẹ, mo gbàdúrà fún ìrìn àjò tí ẹnikẹ́ni kò rìn. Ọ̀rẹ́ mi ń kú lọ nítòsí mi, mi ò mọ̀."

Wọ́n mú Bíbélì wọn, wọ́n fi mí sílẹ̀ lórí eékún. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ wọn ṣí. N kò dìde kíákíá, torí n kò mọ ibi tí màá kọjú sí.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹta

Alàgbà Adéyanjú wá sílé. N kò pè wọ́n. Wọn kò dáhùn ìkíni mi dáadáa, wọ́n ní, "Níbo ló wà?" Ó wà nínú gáréèjì, lórí férémù, mo dúró tì í. Alàgbà bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì bí ẹni fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi rí wọn, ó yí ẹnu rẹ̀ sí ògiri.

Alàgbà kò ṣe bí ẹni tí kò rí i. Wọ́n lọ yọ sí ìhà ògiri náà, kí ojú wọn lè ṣe mẹ́rin. Wọ́n ní, "Rìn kí n rí ẹ." Ó rìn. Alàgbà ń bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn rẹ̀ láìfi kàn án. Mo wọ kíṣìnnì lọ, mo fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé tíì dé, àwọn méjèèjì jókòó sórí páálí táìlì tó ṣẹ́kù, wọ́n ń ṣàríyànjiyàn nípa ẹni tó ń ba ohùn ìsàlẹ̀ jẹ́ nínú akọrin.

Alàgbà kò tíì dárí jì mí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọkọ mi nìkan ni wọ́n bá dágbére.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹta

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ń tì mí. Mo sọ fún ara mi pé ilẹ̀ ni mo fẹ́ tún ṣe, mo sì tún un ṣe lóòótọ́. Ní ìlà táìlì tó gbẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn kíṣìnnì, mo fa rọ́bà yọ lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá Ṣọpẹ́ ti máa ń yípo. Tó bá débẹ̀, ó ń dún kẹ̀kẹ̀, mo ń gbọ́ ọ lẹ́bàá síínkì. Tí n kò bá gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, mo ń yọjú. Mo béèrè lọ́wọ́ Wúrà bóyá ó ń gbọ́ ọ. Ó ní kò dé ọ̀dọ̀ òun.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹta

Ọjọ́ Imọ̀ Ọ̀pẹ. Ó ní òun ń lọ. Mo wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun, ó ti tóbi jù fún un.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì di ìdààmú kékeré. A kì í wọ bàtà wọlé, bẹ́ẹ̀ inú bàtà ni irin tó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ró wà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí a óò ṣe. Alàgbà Adéyanjú gbé àga kan wá sí ibi tí à ń bọ́ bàtà sí, wọ́n gbé àga tiwọn tì í. Níbẹ̀ ni àwọn méjèèjì jókòó sí títí ìsìn fi parí, láàárín bàtà gbogbo ìjọ. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi láti ẹ̀yìn. Ó ń fà, ó ń yọ́, kò bá ti àwọn yòókù mu. Àwọn kan yíjú wò. Èmi náà yíjú wò.

Nígbà tí a jáde, tí àwọn èèyàn dúró pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ wọn, Ìyá Àdúrà ìjọ wa, tí ọjọ́ orí ti ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ kó tó dé etí wọn, já ara wọn gbà wá sọ́dọ̀ wa. Wọ́n di ọwọ́ ọkọ mi mú, ayọ̀ gba ojú wọn. Wọ́n pariwo bí adití ṣe ń pariwo:

"Ẹ kú àbọ̀ o! Báwo lẹ ṣe bá àwọn ará ilé? Ṣé òrùlé ti parí?"

Ìyá Wúrà wò mí. Alàgbà wo ilẹ̀. Ọkọ mi la ẹnu, mo rí i pé ó fẹ́ bò mí láṣìírí, pé ó fẹ́ ní ó ti parí. Mo fọwọ́ kan apá rẹ̀.

Mo sọ ọ́ sókè kí wọ́n lè gbọ́. "Wọn ò lọ síbì kankan, Mà. Àìsàn ló dá wọn gúnlẹ̀ sílé. Èmi ni mo purọ́ fún yín, gbogbo yín."

Ìyá Àdúrà wò mí pẹ́. Mo rò pé wọn kò gbọ́, mo ti fẹ́ tún un sọ. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba báàgì tó wà léjìká mi, wọ́n gba imọ̀ ọ̀pẹ ọwọ́ mi, kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ mi mú dáadáa. Wọ́n ṣíwájú wa, wọ́n ń rọra rìn.

Ojú tì mí títí a fi dé ìdí ọkọ̀. N kò dorí kodò.